Bí Processor Ṣe Ń Mú Kí Géèmù Lọ Geere Lórí Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí a ń lò ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni tò jọ nítorí géèmù. Ọ́fíìsì òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà tí wọ́n sì ń ṣírò owó oṣù. Nígbà tí àwọn yẹn ra tuntun, wọ́n di tòkunbọ̀, wọ́n gba ojú omi dé Èkó, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bá ọkọ̀ dé àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Lágere, ní Mayfair, àti ní àyíká Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ti máa ń ta tirẹ̀ fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ohun tó dára lára wọn ni pé irin wọn nípọn, wọn kì í sábà bàjẹ́, owó wọn kò sì ju ohun tí apá lè ká lọ. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ rà wọ́n kò ní géèmù lọ́kàn, nítorí náà processor (ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó kàn tó iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe ni ó ní kí wọ́n fi sí i.

Èyí tó wà nílé mi jẹ́ Dell OptiPlex 9020, irú èyí tí àpótí rẹ̀ ga tí wọ́n ń pè ní mini tower. Ọdún 2013 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, processor tó sì bá a wá ni Intel Core i3-4130. Èmi ń fi í ṣe iṣẹ́ ìwé lọ́sàn-án, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi sì ń fi í gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́. Ní ti iṣẹ́ ìwé, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Ní ti géèmù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: bí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ti pé jọ síwájú ilé láti gba kọ́nà, gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, bọ́ọ̀lù á há sójú òfuurufú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá jábọ́ lójijì. Àbúrò mi ti fi owó tó tọ́jú ra káàdì gíráfíìsì GTX 1050 Ti sínú rẹ̀, àwòrán sì mọ́ gaara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìkólòlò náà kò lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni pé lórí irú kọ̀ǹpútà báyìí, processor ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, bí ìwádìí bá sì fi hàn pé òun ni, kí a ra èyí tó lágbára jù lọ nínú ìran tí módábọ́ọ̀dù náà, ìyẹn pátákó tí gbogbo ohun inú àpótí so mọ́, lè gbà, kí a má sì wá ohun tó ju ìyẹn lọ kiri lórí rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí náà. Bí géèmù bá ń gbé 60 àwòrán jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a jẹ́ pé bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bí 16.7 péré nínú rẹ̀ ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ní. Láàárín àkókò kíńkín yìí, processor gbọ́dọ̀ ti pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ibi tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fẹ́ sáré sí, ohun tí ìka ẹni tó ń ṣe géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, àti ariwo tó yẹ kí àwọn òǹwòran pa. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni yóò tó fi àṣẹ ránṣẹ́ sí káàdì gíráfíìsì pé kí ó ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀rọ̀ alákàrà ni: bí ẹni tó ń lọ ẹ̀wà bá ń falẹ̀, epo inú agbada yóò kàn máa gbóná lásán ni, kò sì sí bí a ṣe lè fi agbada tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ mú kí àkàrà pọ̀ sí i.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ọjà kì í sábà sọ, ìyẹn ni pé ìpíndọ́gba kọ́ ni ojú ń rí. Géèmù kan lè máa gbé 55 àwòrán jáde ní ìpíndọ́gba, kí ó sì burú lójú ju òmíràn tó ń gbé 40 jáde lọ, bí ti àkọ́kọ́ bá ń jáde ségesège tí ti èkejì sì ń jáde déédéé. Bí àwòrán mẹ́wàá bá jáde lásìkò, tí ìkọkànlá wá gba ìlọ́po mẹ́rin àkókò tí àwọn yòókù gbà, ìkọkànlá yẹn ni ojú máa rí, òun náà ni yóò sì mú kí ìka tẹ bọ́tìnnì nígbà tí àyè ti kọjá. Processor tó ní core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) 2 péré ni irú ìdádúró yìí máa ń bá jù lọ, nítorí pé géèmù òde òní ń pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, Windows fúnra rẹ̀ sì ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wá pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ibi tí processor yóò gbé e gbà.

Àwọn tó ṣe géèmù kò kúkú fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Fún géèmù GTA V, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Core i5-3470 ni wọ́n dábàá. Fún géèmù bọ́ọ̀lù PES 2021, i5-3470 yẹn kan náà ni wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù lọ, i7-3770 ni wọ́n sì dábàá. Processor ìran kẹta ni àwọn méjèèjì, nígbà tí i3-4130 jẹ́ ìran kẹrin, nítorí náà ẹni tó bá ń wo ìran nìkan lè rò pé tirẹ̀ ti kọjá ohun tí wọ́n béèrè. Kò kọjá rẹ̀ rárá, nítorí core 4 ló wà nínú àwọn wọ̀nyẹn, 2 ló wà nínú i3 yìí.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a torí ìfura nìkan náwó. Kí a tó jáde nílé, mo fi MSI Afterburner sórí kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú RivaTuner tó máa ń bá a rìn, nítorí pé wọ́n lè kọ iye àwòrán, iṣẹ́ processor àti iṣẹ́ káàdì gíráfíìsì sí igun ojú kọ̀ǹpútà bí géèmù ṣe ń lọ lọ́wọ́. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí ó máa fi iṣẹ́ thread kọ̀ọ̀kan (ọ̀nà tí core ń gbà ṣiṣẹ́, core kan lè ní méjì) hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé àpapọ̀ lè tan ni jẹ. Lórí processor tó ní thread 8, bí ọ̀kan bá kún dé ẹnu tí àwọn yòókù sì ń sùn, àpapọ̀ yóò kọ 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún péré, bẹ́ẹ̀ ni géèmù yóò ti máa há nítorí ọ̀kan ṣoṣo yẹn. Lórí i3 tiwa, thread mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kún fọ́fọ́ nígbà tí kọ́nà bá dé, káàdì gíráfíìsì tí àbúrò mi náwó sí sì ń jókòó láìrí iṣẹ́ tó tó o ṣe.

Ìdánwò kejì kò gba ohun èlò kankan. Inú ètò géèmù náà ni a ti dín bí àwòrán ṣe tóbi tó kù láti 1920 lọ́nà 1080 sí 1280 lọ́nà 720. Bí iye àwòrán bá lọ sókè gan-an, káàdì gíráfíìsì ni ẹrù wúwo fún. Bí kò bá yí padà, processor ni, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ kò dín kù bí àwòrán bá kéré tàbí bí ó bá tóbi. Tiwa kò yí padà rárá. A tún wo RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, a sì rí i pé 8GB ni, tí ó jẹ́ ègé méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé RAM DDR3-1600 ègé kan ń gbé 12.8GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá sì di méjì, yóò di 25.6GB. Ẹni tí ègé kan ṣoṣo wà nínú tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ra èkejì.

Nígbà tó ti dá wa lójú, ó kan kí a mọ ohun tí módábọ́ọ̀dù lè gbà. Ti OptiPlex 9020 jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Q87, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (àyè tí processor ń jókòó sí) sì ni LGA1150, èyí tó túmọ̀ sí pé processor ìran kẹrin ti Intel nìkan ni yóò wọlé síbẹ̀ tí yóò sì ṣiṣẹ́. Nínú ìran náà, àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà ni i5-4570 àti i5-4590, tí core wọn jẹ́ 4 tí thread wọn náà jẹ́ 4, àti i7-4770 àti i7-4790, tí core wọn jẹ́ 4 tí thread wọn sì jẹ́ 8. Àwọn ènìyàn máa ń jiyàn lórí i5 àti i7. Fún géèmù tó ti pẹ́, òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀, i5 sì tó ẹni tí owó rẹ̀ kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé processor tó kẹ́yìn tí módábọ́ọ̀dù yìí máa gbà nìyẹn, n kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi ra i5 lónìí kí ó tún máa wá i7 kiri ní ọdún tó ń bọ̀. i7-4770 ni mo yàn. Ìyára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 3.4GHz, ó sì lè gun dé 3.9GHz. i3-4130 náà ń sáré ní 3.4GHz, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni tirẹ̀ pin sí.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì o. Ẹni tó ní OptiPlex 3050 tàbí HP EliteDesk 800 G3 ní LGA1151, ìran kẹfà àti ìkeje ló sì ń gbà, tó fi jẹ́ pé i7-7700 ni òpin rẹ̀. Processor ìran kẹjọ náà ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ LGA1151, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tan, nítorí pé Intel yí bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ló ti torí orúkọ kan náà yìí rà á. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú tirẹ̀ lè fi CPU-Z, tí kò gba owó, wo orúkọ processor, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti módábọ́ọ̀dù rẹ̀ láìtú àpótí.

Ẹ tún wo lẹ́tà tó bá gbẹ̀yìn nọ́ńbà. i7-4770 tí kò ní lẹ́tà kankan ń lo iná dé ìwọ̀n 84 watts. i7-4770S jẹ́ 65, kò sì burú. Ṣùgbọ́n i7-4770T jẹ́ 45, 2.5GHz sì ni ìyára rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àpótí kékeré tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá kàn ní kí wọ́n fún òun ní i7 lè gbé T délé kí ó sì máa ṣe kàyéfì. Lójú irin processor fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti fín orúkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú àmì kan tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SR. Ti i7-4770 ni SR149.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Lágere tó máa ń tú àwọn kọ̀ǹpútà tí módábọ́ọ̀dù wọn ti jóná, tí ó sì máa ń ta ohun tó ṣẹ́kù nínú wọn. Mo fẹ́ràn irú ibẹ̀ ju kí n ránṣẹ́ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ, nítorí pé bí nǹkan kò bá tan, ẹsẹ̀ lásán ni n ó fi rìn padà. Mo sọ ohun tí mo ń wá fún un, ó tú àpótí kékeré kan, ó gbé processor kan sójú iná, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, i7 ni èyí lóòótọ́, àmọ́ T ló wà lẹ́yìn rẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá èyí tó gidi.”

Mo ní, “O ṣeun, àbúrò. Ṣé o ó jẹ́ kí n dán an wò kí n tó sanwó tán?”

Ó ní, “Ẹ mú un lọ, ẹ san ìdajì. Bí kò bá tan, ẹ dá a padà, ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.”

Nígbà tí èyí tó gidi jáde, mo fi gíláàsì ojú mi wo àkọlé rẹ̀ títí mo fi rí SR149. Irú olóòótọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nídìí òwò yìí, n kò sì ná an lówó púpọ̀.

Kí processor tuntun tó wọlé, BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ṣe, nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn processor ìran kẹrin tó jáde ní ọdún 2014, tí i7-4790 wà lára wọn, kò sí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ BIOS àwọn módábọ́ọ̀dù ọdún 2013, nítorí náà èyí tí kò bá tíì gba àtúnṣe lè má dá wọn mọ̀. i7-4770 kò ní ìṣòro yẹn, síbẹ̀ mo ṣe é, nítorí pé àtúnṣe náà ń mú àwọn nǹkan mìíràn wá pẹ̀lú. Orí ìkànnì Dell ni mo ti gba fáìlì rẹ̀. Ohun tí mo kìlọ̀ jù lọ níbí ni ọ̀rọ̀ iná: bí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń yí padà lọ́wọ́, módábọ́ọ̀dù lè kú pátá. Ẹ má fi iná NEPA nìkan ṣe é. Orí ínfátà tí bátìrì rẹ̀ ti kún ni mo gbé e kà. Ẹni tí kò bá ní ínfátà lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in, iṣẹ́ náà kì í pẹ́.

Mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé thermal paste (ìpara tó ń gbé ooru kọjá) tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ máa ń di processor mọ́ heatsink, irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, ooru ló sì máa ń rọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo pa á, mo yọ wáyà iná, mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde, mo sì fi ọwọ́ kan irin àpótí náà kí iná ara mi má baà ba nǹkan jẹ́. Síkúrúù mẹ́rin ló di heatsink náà mú. A kì í tú ọ̀kan tán kí a tó bọ́ sórí èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń tú wọn, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kí irin náà má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó ṣí, paste abẹ́ rẹ̀ ti di funfun, ó ti sán, ó sì ń bọ́ lẹ́fọ́lẹ́fọ́. Aṣọ funfun tí kì í tú òwú àti spírítì isopropyl ni mo fi nu ún títí irin fi ń dán.

Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a ń fà síta díẹ̀, tí a sì ń gbé sókè, kí ìdérí irin tó wà lórí processor lè ṣí. Abẹ́ processor náà ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà wà, ìyẹn àwọn abẹ́rẹ́ wúrà 1150 tí wọ́n dúró gbọn-in nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré dé ibi tí ó ṣòro fún ojú lásán láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ara módábọ́ọ̀dù ni wọ́n wà lórí kọ̀ǹpútà Intel irú èyí, kì í ṣe ara processor. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Àbúrò mi ló mú tọ́ọ̀ṣì dání, mo sì ní kí ó gbé ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí pé ó ń mí sórí rẹ̀.

Létí processor náà ni mo ti dì í mú. Àmì onígun mẹ́ta wúrà kan wà ní igun rẹ̀, irú àmì bẹ́ẹ̀ sì wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì ni a ń mú bá ara wọn, ibi gígé kékeré méjì tó wà létí rẹ̀ yóò sì bọ́ sí àyè wọn. A kì í tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti wà ní ipò tó yẹ, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò fi jókòó. Nígbà tí mo dá ọ̀pá irin náà padà, ó le, ó sì dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

Àbúrò mi ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kò ti ṣẹ́ báyìí?”

Mo dá a lóhùn pé bí ó ṣe máa ń dún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lóòótọ́, agbára tí ó fi ń tẹ processor mọ́ àwọn abẹ́rẹ́ yẹn kò kéré, ariwo yẹn sì ti dẹ́rù ba àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Mo fi paste tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ sí àárín, mo dá heatsink padà, mo sì de àwọn síkúrúù náà bí mo ṣe tú wọn, láti igun sí igun. Mo tan án, mo tẹ F2, mo sì rí i tí BIOS kọ i7-4770 síbẹ̀ kedere. Windows kò béèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá ń lo BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti fáìlì pa, ni kí ó dá a dúró ná kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà di pé wọ́n ń béèrè kọ́kọ́rọ́ tí kò mọ ibi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ooru ni ohun tó kàn. i3-4130 jẹ́ 54 watts, èyí sì jẹ́ 84, inú fáànù kan náà ni wọ́n sì ń mí sí. Intel ti ṣe é kí processor yìí máa dín ìyára ara rẹ̀ kù bí ooru inú rẹ̀ bá ti súnmọ́ 100°C, nígbà tí ìyẹn bá sì ṣẹlẹ̀, ìkólòlò tí a lé lọ yóò padà wọlé. Ní Ifẹ̀ níbí, ohun tó ń fa ìyẹn ju ohunkóhun lọ ni eruku ọyẹ́, tó máa ń wọnú ehín heatsink títí afẹ́fẹ́ kò fi ní ríbi gbà mọ́, tí ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kejì àti ìkẹta yóò sì wá kà á lé e lórí. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, tí kò tíì kan ọ̀dà rí, ni mo fi gbọn tiwa mọ́. A gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, a sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn tí àbúrò mi ti gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú, mo wo HWiNFO, ètò tó ń ka ooru, mo sì rí i pé ooru rẹ̀ kò súnmọ́ ibi tó léwu. Fáànù ń pariwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí kò sì dí wa lọ́wọ́.

Ní ti ohun tí a torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí, kọ́nà ni a kọ́kọ́ fi dán an wò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù pé jọ síwájú ilé, bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá geere, ẹni tó fẹ́ fi orí kàn án sì fò sókè nígbà tí ìka tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nínú GTA V, àárín ìlú tí ọkọ̀ ti pọ̀ ni ó ti máa ń burú jù. Níbẹ̀ náà ó ń rìn láìdúró. Nígbà tí mo wo nọ́ńbà igun ojú kọ̀ǹpútà, káàdì gíráfíìsì ló kù tó ń ṣiṣẹ́ dé ẹnu, processor sì ní àyè lọ́wọ́, èyí tó jẹ́ ìtò tí mo fẹ́ rí. Mo wá fi òpin sí iye àwòrán ní 60, nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà wa kò lè fi ju ìyẹn hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú tèmi, òpin yẹn wà lára ohun tó mú kí ó dọ́gba, ó sì tún ń dín iná tí ínfátà ń gbé kù. Ohun tí processor kò yí padà ni bí géèmù ṣe ń pẹ́ kí ó tó ṣí. SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára, ló ń wo ìyẹn sàn.

N kò ní sọ fún ẹni tí kò tíì ra kọ̀ǹpútà pé kí ó lọ ra ìran kẹrin nítorí ohun tí mo kọ yìí. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, láti ìran kẹjọ ni processor Intel tí ó gbà sì ti bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Géèmù bíi Valorant tilẹ̀ ń wò ó bóyá TPM náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí Windows 11 kí ó tó jẹ́ kí ènìyàn wọlé. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kí ó wá tòkunbọ̀ tó ní i5-8500, tí core rẹ̀ jẹ́ 6. Ẹni tí Ryzen, processor ilé-iṣẹ́ AMD, wà nínú tirẹ̀ pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ni mo máa ń bá yọ̀ jù, nítorí pé láti ọdún 2017 ni AMD ti ń gbé processor tuntun sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà yẹn, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ módábọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ryzen àkọ́kọ́ ti lè gba Ryzen 5 5600 lẹ́yìn àtúnṣe BIOS. Ẹni tí tiwa yìí ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ní báyìí tí káàdì gíráfíìsì ti di ẹni tí ẹrù kù lọ́rùn rẹ̀, àbúrò mi ti ń wo èyí tó jù ú lọ. Mo fi power pack inú àpótí náà, ohun tó ń pín iná, hàn án: 290 watts ni, Dell kò sì lo ihò wáyà tí gbogbo ayé ń lò lórí módábọ́ọ̀dù yìí, nítorí náà a kò lè kàn ra òmíràn lọ́jà kí a sì fi sí i láìsí wáyà tó ń so wọ́n pọ̀. Ohun tí ihò PCIe, ibi tí káàdì gíráfíìsì ń wọ̀ lórí módábọ́ọ̀dù, lè fún káàdì kò ju 75 watts lọ, GTX 1050 Ti tó wà níbẹ̀ sì ti ń lo iye yẹn. Mo ní bí ó bá fẹ́ GTX 1650, òun náà ni 75, ṣùgbọ́n kí ó yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò dáadáa kí ó tó sanwó, nítorí pé àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó tún ń béèrè wáyà iná lọ́tọ̀ láti ọ̀dọ̀ power pack, tiwa kò sì ní irú wáyà bẹ́ẹ̀.